Síkúrù Tí Ọ̀ṣúnkẹ́mi Kò Kùn

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà, tí ẹ kọ ẹ̀yìn sí géètì yunifásítì, ẹ máa rí ṣọ́ọ̀bù páànù kékeré kan láàrin àwọn tó ń tẹ ìwé àti àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Máṣíìnì ìránṣọ ló máa ń kún iwájú rẹ̀, òmíràn láìlórí, òmíràn láìlẹ́sẹ̀. Obìnrin tó jókòó láàrin wọn, tó wé gèlè dúdú kí ọ́ìlì má bàa dé irun rẹ̀, ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi. Ìyá Báyọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ títún máṣíìnì ṣe, ní Àgọ́-Ìwòyè. Bàbá náà kò bí ọkùnrin, kò sì ka ìyẹn sí ohun tó yẹ kó pa iṣẹ́ rẹ́. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń tú máṣíìnì ló kọ́kọ́ kọ́ ọmọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dì í padà tí kò fi ní tú fúnra rẹ̀ ni. Ó máa ń sọ pé, "Ohunkóhun tó bá ń gbọ̀n, síkúrù ara rẹ̀ ń wá ọ̀nà àtijáde ni." Nítorí náà, á fi àkísà tó rin fún sípíríìtì nu ọ́ìlì kúrò lára síkúrù, á jẹ́ kó gbẹ, á wá fi kùtẹ́ẹ̀sì tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná kan ìlà tó lọ́ mọ́ síkúrù náà lára, ẹ̀kán kan péré, kó tó dè é. Bí kùtẹ́ẹ̀sì bá gbẹ, síkúrù ò ní mira mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì fẹ́ tú u, tẹ́sítà á ṣí i wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi súpà gúlù ṣe é. Ó ní ẹni tó bá fi súpà gúlù lẹ síkúrù ti ti ara rẹ̀ mọ́ta.

Bí rílì ṣe wọ inú iṣẹ́ Ọ̀ṣúnkẹ́mi nìyí. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ní Àlàbà gbé ọ̀kan wá bá a, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí ọ̀pá ìpẹja, tó ní àńdù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń ká okùn ìwọ̀ wọlé. Ó ní òun ò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ọ̀ṣúnkẹ́mi tú u, ó rí i pé eyín irin, sípíríìngì àti síkúrù wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ikùn máṣíìnì. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń fi ọ̀pá pẹja létí ọ̀sà lópin ọ̀sẹ̀ ti ń wá a wá. Àròyé kan náà ni wọ́n ń gbé wá: síkúrù tó di àńdù mú ń tú. Omi iyọ̀ ń jẹ ẹ́, ọwọ́ tó ń yí i ń mì í, kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí wọ́n ń gbé e wọ̀ ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì lójú kòtò. Bó bá ti gba ọwọ́ Ọ̀ṣúnkẹ́mi kọjá, kì í tú mọ́.

Bàbá Àlàó wà lára àwọn oníbàárà yìí. Ọmọ bíbí ìlú Ọ̀jọ́ ni, àgbàlagbà tó ti ń ju àwọ̀n láti kékeré. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló dá a dúró. Nígbà tó gbádùn díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kú tipiri: ó lè di nǹkan mú, kò kàn ní mọ̀ bóyá òun di nǹkan mú ni. Wọ́n ní kó máa lo ọwọ́ náà kó má bàa rọ pátápátá. Ọládipúpọ̀, ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, bá fi ọ̀pá ìpẹja àti rílì ránṣẹ́ sí i. Ọwọ́ ọ̀tún á di ọ̀pá mú, ọwọ́ òsì á máa yí àńdù. Bàbá tó ti ń jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sétí ọ̀sà. Ó tún ń bá ènìyàn ṣe àwàdà. Nígbà tó bá gbé rílì wá sí Ìyànà-Ìbà, á na ọwọ́ òsì náà síwájú Ọ̀ṣúnkẹ́mi, á sọ pé, "Ìyá Báyọ̀, ìwọ lo ń tún èyí ṣe, kì í ṣe dókítà."

Inú Ọ̀ṣúnkẹ́mi máa ń dùn sí ọ̀rọ̀ yìí ju bó ṣe ń fi hàn lọ.

Ìjọ aláṣọ funfun kan ní Òkokomáíkò ni òun àti Ìṣẹ́gun, ọkọ rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì, ń lọ. Obìnrin kì í kun èékánná níbẹ̀, wọn kì í kun ètè. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìgò kùtẹ́ẹ̀sì máa ń wà nínú báàgì Ọ̀ṣúnkẹ́mi láàrin tẹ́sítà àti àkísà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó ń fa áńkáṣíìfù yọ nínú báàgì náà nígbà tí ìgò já bọ́, ó yí gbirigbiri, ó lọ dúró lẹ́sẹ̀ Màmá Ọmọ́tọ́ṣọ́, olórí àwọn obìnrin ìjọ. Pupa fòò ni.

Màmá Ọmọ́tọ́ṣọ́ bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó gbé e sókè. "Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, Màmá. Iṣẹ́ ni mo fi ń ṣe."

"Irú iṣẹ́ wo?"

Kó tó la ẹnu láti ṣàlàyé síkúrù, ẹnì kan lẹ́yìn ti dáhùn fún un pé, "Iṣẹ́ alẹ́ ni." Ẹ̀rín sọ láàrin àwọn obìnrin. Màmá Ọmọ́tọ́ṣọ́ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fi orí ìka méjì dá ìgò náà padà, bí ẹni tó di ìrù èkúté mú, ó sọ pé, "Ọ̀ṣúnkẹ́mi, díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan fi ń bàjẹ́." Ó kọjá lọ.

Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ó wá dà bíi pé gbogbo ènìyàn ń wo àbàwọ́n kan lára rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ò rí. Nígbà tó ń lọ sílé, ó ju ìgò náà sí gọ́tà. Ìṣẹ́gun bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀, ó ní orí ń fọ́ òun.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Bàbá Àlàó gbé rílì rẹ̀ wá. Ọ̀ṣúnkẹ́mi tú u, ó fọ̀ ọ́, ó fi gíríìsì tuntun sí i, ó sì tò ó padà bó ṣe yẹ. Nígbà tó kan síkúrù àńdù, ọwọ́ rẹ̀ lọ sínú báàgì, kò bá nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣaralóge wà ní òdìkejì títì, kò jìnnà rárá. Ó dìde. Ó rí obìnrin kan láti ìjọ wọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, tó ń bá ẹni tó ni ín tàkúrọ̀sọ. Ó tún jókòó. Ó mú tẹ́sítà, ó fún síkúrù náà mọ́lẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń dùn ún, ó yí àńdù síwá sẹ́yìn. Kò mira. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó tó.

Bàbá Àlàó gba rílì, ó wò ó. "Ṣé o ti fi nǹkan rẹ pupa yẹn sí i?"

"Ó ti dúró, Bàbá."

Ó mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n bi òun nìyẹn. Bàbá ò tún bi í. Ó gbàdúrà fún un, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Ọ̀jọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀rọ̀ dé. Sìkírátù, ọmọ Bàbá Àlàó lóbìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, ló wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọ̀pá náà àti rílì rẹ̀ tó fi aṣọ wé. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wú.

"Ìyá Báyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ẹni tó máa gba èyí lọ́wọ́ wa. Bàbá ò lọ sódò mọ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Àǹtí Sìkírá?"

Sìkírátù ròyìn rẹ̀. Bàbá dúró lórí afárá pákó tó wà létí ọ̀sà, níbi tó máa ń dúró sí. Ẹja ńlá kan gbé ìwọ̀ rẹ̀ mì. Wọ́n ní òbòkún ni, ó tóbi débi pé àwọn awayanrìn tó wà nítòsí dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti wò ó. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn. Lójijì ni okùn tún ń sáré padà lọ sínú omi. Bàbá wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ó rí i pé òfìfo ló ń yí. Ibi tó ti ń wá àńdù ni ẹja ti fà á, pákó yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣubú sómi. Àlàbí, olórí àwọn awayanrìn, ló gbé e pọ̀n jáde. Ṣòkòtò rẹ̀ ti bọ́ sínú ẹrẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló rí i.

"Bàbá ní ọwọ́ òun ló tú àńdù sílẹ̀," ni Sìkírátù wí. "Wọ́n ní ọwọ́ náà ò sàn rárá, pé àwọn kàn ń tan ara àwọn jẹ ni. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún dárúkọ odò létí àwọn."

"Àńdù ńkọ́?"

"Ó ti ṣẹ́, ó ti bọ́ sómi. Bóyá ìgbà tí ọ̀pá gbá pákó ni."

Nígbà tí Sìkírátù lọ tán, Ọ̀ṣúnkẹ́mi tú aṣọ náà. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó mọ òótọ́. Bí àńdù bá ṣẹ́ nítorí pé ó gbá pákó, ihò síkúrù ì bá ya, tàbí kí ìdí síkúrù kù sínú rẹ̀. Ihò náà mọ́ tónítóní, gbogbo ìlà inú rẹ̀ pé. Ńṣe ni síkúrù yẹn rọra tú ara rẹ̀ títí tó fi jáde, tí àńdù sì bọ́ mọ́ Bàbá lọ́wọ́. Ọwọ́ tí kò mọ ìgbà tó di nǹkan mú ò ní mọ ìgbà tí nǹkan náà kúrò níbẹ̀. Bàbá kò tú nǹkan kan sílẹ̀.

Ó fi aṣọ wé ọ̀pá náà padà, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò pe Sìkírátù. Oníbàárà kan dé pẹ̀lú máṣíìnì, ó dá a lóhùn, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kejì, ó gbọ́ tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń sọ̀rọ̀ àgbàlagbà kan ní Ọ̀jọ́ tí ẹja fà sómi, wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rín. Ọ̀kan nínú wọn rọ ọwọ́ rẹ̀ jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ láti fi hàn bí ọwọ́ Bàbá ṣe rí. Ọ̀ṣúnkẹ́mi bá ara rẹ̀ tó ń wolẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látẹnu rẹ̀ lè pa ẹ̀rín náà. Kò sọ ọ́.

Ohun tó ká a lára jù ni pé ìtìjú tó kọ́kọ́ mú un ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíràn ló kó o bá a. Èyí kò ní ẹlẹ́bi míràn. Ó rò ó títí, kò rí ẹni tó máa dì í rù. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ fún Ìṣẹ́gun. Ọkọ rẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́, ó dáwọ́ dúró.

"Ṣé Bàbá náà mọ̀?"

"Kò mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń bú."

Ìṣẹ́gun ò sọ pé kó lọ, kò sì sọ pé kó má lọ. Ó kàn sọ pé, "Ó mà ṣe o," ó sì ti oúnjẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ì bá fẹ́ kó bínú.

Ó gbéra lọ sí Ọ̀jọ́. Nínú fàráǹdà ló ti bá Bàbá Àlàó, ó jókòó sórí àga, ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ tó fi bo itan, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà wà lórí aṣọ náà. Bí Ọ̀ṣúnkẹ́mi ṣe kúnlẹ̀ kí i, ọwọ́ náà kò jáde rárá. Sìkírátù gbé omi wá.

"Ṣé o ti rí ẹni tó fẹ́ gba ọ̀pá náà?" ni Bàbá bi í.

"Rárá, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ni mo bá wá." Ó wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ọwọ́ yín kọ́ ló tú àńdù sílẹ̀. Síkúrù ló tú. Èmi ni mi ò ṣe é bó ṣe yẹ kí n ṣe é. Mi ò fi kùtẹ́ẹ̀sì sí i. Ẹ bi mí, mo sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn dá yín lóhùn."

Sìkírátù gbé ife omi tó ti gbé sílẹ̀ kúrò.

"Kí ló dé tí o ò fi sí i?" Ohùn Bàbá ò le rárá.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi ti ro gbogbo ohun tó lè sọ lójú ọ̀nà. Ó ti ro pé òun á sọ pé kùtẹ́ẹ̀sì tán ni, tàbí pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀ dípò ìyẹn: ìgò tó já bọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rín àwọn obìnrin, gọ́tà, obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń gbọ́ bó ṣe kéré tó. "Ojú ló ń tì mí, Bàbá," ló fi parí rẹ̀.

"Ojú ń tì ọ́ nítorí ohun tí wọ́n fi ń kun èékánná," ni Bàbá Àlàó wí, "o wá jẹ́ kí ojú ọwọ́ mi máa tì mí. Mo ti ń bú ọwọ́ yìí, ọmọ yìí. Mo ti sọ fún un pé ó dà mí."

Sìkírátù ló bínú. "Wọn ì bá kú," ló wí. "Ká ní Àlàbí ò sí níbẹ̀ ńkọ́? Mo gbé rílì yẹn wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo ojú mi, ẹ sì gbà á lọ́wọ́ mi láìsọ nǹkan kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi wí. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe."

Ó ń retí kí Bàbá sọ pé ó ti tán, torí bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bàbá ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Èmi nìkan kọ́ ló yẹ kó gbọ́ èyí. Etí odò ni mo ṣubú sí. Ibẹ̀ ni kí o lọ sọ ọ́."

Ó lọ lójú ẹsẹ̀, torí ó mọ̀ pé bí òun bá kọ́kọ́ délé, òun ò ní lè padà wá. Àwọn awayanrìn ń kó yanrìn tútù láti inú ọkọ̀ wọn sí èbúté, àwọn kan jókòó sábẹ́ àtíbàbà ń jẹun. Ó béèrè Àlàbí. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan dáhùn, ó rò pé yanrìn ló fẹ́ rà. Nígbà tí Ọ̀ṣúnkẹ́mi ní ọ̀rọ̀ Bàbá Àlàó ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń jẹun sọ pé, "Bàbá ọlọ́wọ́ ẹ̀kọ," àwọn yòókù sì rẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ wọn kì í ṣe ẹ̀kọ," ló wí. "Èmi ni mo tún rílì wọn ṣe. Mi ò dì í dáadáa. Ohun tí wọ́n dì mú ló bọ́, wọn ò jù ú sílẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti àìsàn wọn. Bàbá fúnra wọn ló ní kí n wá sọ ọ́ fún yín."

Wọ́n wò ó. Ó rò pé òun ni wọ́n máa wá fi ṣe ẹ̀rín báyìí, ó sì dúró dè é. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ tẹrí ba sínú abọ́ rẹ̀. Àlàbí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu yanrìn kúrò lójú.

"Èmi tí mo gbé wọn pọ̀n," ló wí, "èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ yẹn." Ó padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà ilé gùn lọ́jọ́ náà. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ti ń rò pé bí òun bá sọ ọ́ tán, ara á fúyẹ́. Ara ò fúyẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé àwọn ènìyàn ti mọ ohun tí òun àti Ìṣẹ́gun nìkan mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó wá àńdù mìíràn lọ́dọ̀ ọkùnrin Àlàbà, ó kọjá sí òdìkejì títì, ó sì ra kùtẹ́ẹ̀sì níṣojú ẹni tó bá wù kó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì kó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Màmá Ọmọ́tọ́ṣọ́ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbọ́ àlàyé rẹ̀ dé òpin, ó ní ọ̀rọ̀ náà yé òun, ṣùgbọ́n kó má gbé ìgò náà wọ inú ọgbà ìjọ mọ́. Kò bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀rín ọjọ́ yẹn. Àwọn obìnrin kan ṣì máa ń wo èékánná rẹ̀ bó bá ń pàtẹ́wọ́. Ó ń pàtẹ́wọ́ náà bẹ́ẹ̀.

Iwájú Bàbá Àlàó, nínú fàráǹdà, ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi ti de síkúrù àńdù tuntun náà. Bàbá ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ó nu ọ́ìlì kúrò, ó jẹ́ kó gbẹ, ó fi pupa kàn án, ó dè é, ó sì gbé e sílẹ̀. Bàbá wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìṣe àwàdà kankan. Kò pe ara rẹ̀ ní ẹni tí wọ́n tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ́. Nígbà tó fi máa tún lọ sétí ọ̀sà, ọwọ́ náà ti le díẹ̀ nítorí àìlò, ó sì ní láti bẹ̀rẹ̀ padà láti kíká okùn tí kò ní ẹja. Ọ̀ṣúnkẹ́mi gbọ́ èyí lẹ́nu Àlàbí, ó sì dùn ún ju gbogbo ohun tí Sìkírátù ti sọ lọ.

Oníbàárà rẹ̀ kan tó ń pẹja kò padà wá mọ́. Àwọn mìíràn ń wá, ó sì máa ń sọ fún wọn láìjẹ́ pé wọ́n bi í: èyí ni mo ṣe, èyí ni mi ò tíì ṣe. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà òjò, Sìkírátù yà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó kí i ní kíkí ẹni tó ń kọjá lọ, ó gbé ọ̀rá kan sórí tábìlì láàrin àwọn máṣíìnì.

"Bàbá ní kí n gbé e wá fún yín."

Òbòkún ni, kò tóbi, wọ́n ti hú ìfun rẹ̀. Ọ̀ṣúnkẹ́mi dúpẹ́, ó bi í nípa ara Bàbá. Sìkírátù ní ara wọ́n le, ó ṣí agboòrùn rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi gbé ẹja náà lọ sílé ní Òkokomáíkò, ó fi ata rodo àti efinrin sè é. Ìṣẹ́gun àti Báyọ̀ jẹ ẹ́ títí dé egungun, wọ́n ní ó dùn. Wọ́n ní kó wá bù tirẹ̀. Ó ní òun ti jẹun ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀, ó sì kó àwọn abọ́ lọ fọ̀.